Eré Ìwakùsà Deep Rock Galactic: Ohun tí Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Yóò Bá Pàdé Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ilẹ̀, tí ó kó àlùmọ́ọ́nì pamọ́ sínú rẹ̀, tí ó sì fún ọmọ ènìyàn ní ọgbọ́n láti wà á jáde. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá. 

Àkọlé ọ̀rọ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Kí ni ó pa eré orí kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ wàásù? Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń kírun ní mọ́sálásí ni ó ń ṣe irú eré yìí nílé, tí àwọn àgbà kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àgbà tí ó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí kò mọ̀, ọ̀dọ́ kì í fetí sí i. Ọ̀dọ́ tí ó sì mọ eré dunjú, ṣùgbọ́n tí kò mọ òṣùwọ̀n tí ẹ̀sìn fi ń wọn eré, òun náà kò tíì bọ́ nínú ewu. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà nínú ọ̀kan pàtó nínú àwọn eré náà, yóò sì gbé e ka orí òṣùwọ̀n lẹ́yìn náà.

Irú eré wo ni?

Deep Rock Galactic ni orúkọ eré náà. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Ghost Ship Games, ní ìlú Copenhagen ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, ni ó ṣe é. Ọdún 2016 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018 ni wọ́n gbé eré yìí síta nígbà tí kò tíì parí, kí àwọn tí ó ń ṣe é lè máa sọ ibi tí ó kù sí. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni ó jáde ní pípé fún kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ Xbox. Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ni ó dé orí ẹ̀rọ PlayStation. Ẹnì kan lè dá a ṣe, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n ṣe é fún: oníkálukú yóò wà ní ilé tirẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì so wọ́n pọ̀.

Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni ó gba àwọn aràrá síṣẹ́ láti máa wa àlùmọ́ọ́nì nínú ilẹ̀ ayé kan tí ó jìnnà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hoxxes IV. Àròsọ ni ayé náà. Inú ilẹ̀ rẹ̀ kún fún ihò àpáta, òkùnkùn biribiri, àti àwọn ẹranko tí ó dà bí kòkòrò tàbí aláǹtakùn ńláńlá, tí wọ́n ń pè ní glyphid. Ìdí nìyí tí awakùsà inú eré náà fi ní díígà, tí ó sì tún ní ìbọn.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jọ yan iṣẹ́ kan. Ọkọ̀ tí ó ń gbẹ́ ilẹ̀ yóò gbé wọn wọlé títí yóò fi sọ̀ wọ́n kalẹ̀ nínú ihò. Òkùnkùn ni yóò kọ́kọ́ pàdé wọn. Oníkálukú ní iná kékeré tí yóò máa jù síwájú kí ó lè rí ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Iṣẹ́ náà lè jẹ́ wíwa àlùmọ́ọ́nì kan tí wọ́n ń pè ní morkite dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ béèrè. Ó lè jẹ́ wíwá ẹyin àwọn ẹranko náà, tàbí títẹ́ páìpù láti fa morkite olómi inú ilẹ̀, tàbí títún ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ṣe, tàbí sísin ọkọ̀ ìgbẹ́lẹ̀ kan dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, tí wọ́n ń pè ní Molly, ni ó ń bá wọn ru ẹrù. Nígbà tí iṣẹ́ bá pé, wọn yóò ránṣẹ́ pe ọkọ̀ tí yóò gbé wọn jáde, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ọkọ̀ náà yóò sì fi dúró. Ẹni tí ó bá pẹ́, ọkọ̀ yóò lọ.

Ìpele ewu márùn-ún ni ó wà fún àwọn iṣẹ́ náà, láti èyí tí ó rọrùn dé èyí tí ó ń mú akọni sá. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń hun ihò tuntun fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè há ọ̀nà sórí. Ọgbọ́n àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ nìkan ni ó ń mú ni jáde.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ

Ipò mẹ́rin ni awakùsà lè wà. Scout ni ó yára jù: ó ní ìkọ́ onírin tí ó fi ń fa ara rẹ̀ lọ sí ibi gíga, ó sì ní ìbọn tí ń yin iná mọ́ òkè ihò kí gbogbo ibẹ̀ lè mọ́lẹ̀. Engineer ní ìbọn tí ń lẹ pèpéle mọ́ ara àpáta, ó sì ní ìbọn adádúró tí ń bá ẹgbẹ́ ṣọ́nà. Gunner ni ó gbé ìbọn tí ó wúwo jù. Òun ni ó ń ta okùn láti etí ọ̀gbun kan dé èkejì kí àwọn yòókù lè gbà á kọjá, òun náà ni ó ń ta ààbò bò wọ́n nígbà tí ogun bá gbóná. Driller ní ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì. Ògiri tí yóò gba àwọn yòókù ní àkókò gígùn, kíá ni yóò lù ú já.

Ẹ wo bí àwọn tí ó ṣe eré yìí ṣe so wọ́n mọ́ra wọn. Bí àlùmọ́ọ́nì bá wà lókè lára ògiri, Scout lè fò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ibi dúró sí, yóò já bọ́. Engineer lè lẹ pèpéle mọ́ ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fò gòkè. Bí ọ̀kan bá lẹ pèpéle, tí èkejì fò lé e, iṣẹ́ parí. Àwọn baba wa ti wí i tipẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Nígbà tí wọ́n bá padà dé ibùdó, kò sí ọ̀rọ̀ pé èmi ni mo wà á jù: ohun tí ọwọ́ ọ̀kan kó jọ, gbogbo wọn ni wọ́n ń gba èrè rẹ̀.

Bí ẹranko bá dá ẹnì kan dùbúlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kò lè gbé ara rẹ̀ dìde. Yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi wá gbé e. Bí gbogbo wọn bá dùbúlẹ̀ tán, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní ti ọkọ̀ àjáde, bí ẹnì kan péré bá wọ inú rẹ̀, ilé iṣẹ́ yóò kà á sí àṣeyọrí. Síbẹ̀, àṣà àwọn tí ó ń ṣe eré náà ni pé wọn kì í fi ẹnìkejì sílẹ̀ bí ọ̀nà bá wà. Wọn yóò padà sínú òkùnkùn lọ gbé e.

Ohun kan tún wà: ọta ìbọn inú eré náà kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ẹni tí ó bá yìn ín láìwo iwájú yóò ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léṣe. Ọ̀pọ̀ Driller ni ó ti ri ohun abúgbàù mọ́lẹ̀ fún ẹranko tí ó jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó gbé ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ahọ́n rí láàárín jámáà.

Àpótí onípín mẹ́rin

Ọta àti oògùn kì í tó nínú ihò. Bí wọ́n bá fẹ́ òmíràn, wọn yóò kọ́kọ́ wa àlùmọ́ọ́nì pupa kan tí ń jẹ́ nitra. Bí ó bá pé 80, wọn yóò ránṣẹ́, àpótí kan yóò sì ti òkè lu ilẹ̀ wá. Ìpín mẹ́rin ni ó wà nínú àpótí náà fún ènìyàn mẹ́rin. Kò sí àgádágodo lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ lè mú méjì, kí ẹni tí ó dé kẹ́yìn bá àpótí ní òfìfo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni ẹni tí ó dúró lẹ́yìn láti dá ẹranko lọ́nà fún àwọn yòókù.

Ibí yìí ni eré ti ń di dígí. Ọ̀dọ́ tí kò jẹ́ mú ìpín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ihò tí kò sí, ṣé kì í bu ẹran àbúrò rẹ̀ nílé? Ṣé kì í jẹ gbèsè ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ẹni tí ó ń sáré gbé àjèjì tí ó ṣubú lójú kọ̀ǹpútà, nígbà wo ni ó bẹ ọmọ jámáà rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn wò kẹ́yìn? Bí ọkàn bá lè ṣe dáadáa nínú eré tí kò sì lè ṣe é lóde, a jẹ́ pé ìbẹ̀rù èébú àwọn ẹlẹgbẹ́ ni ó ń tọ́ ọ, kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.

Nítorí pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti wà rí ní tòótọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2010, kùsà bàbà àti góòlù kan tí ń jẹ́ San José, nítòsí ìlú Copiapó ní orílẹ̀-èdè Chile, ya lulẹ̀. Awakùsà 33 há sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ní nǹkan bí 700 mítà. Oúnjẹ tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò ju ti ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ. Luis Urzúa, tí ó jẹ́ olórí wọn lọ́jọ́ náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ fi ẹnu kò pé díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa pín in: ṣíbí ẹja inú agolo kan tàbí méjì, mílíìkì díẹ̀, bísíkíìtì kan, ní ọjọ́ méjì méjì. Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí àwọn ará òkè tó mọ̀ pé wọ́n wà láàyè. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá, ọjọ́ kọkàndínláàádọ́rin, wọ́n fa gbogbo wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ku ẹnì kan. Urzúa ni ó jáde kẹ́yìn. Ká ní ẹnì kan ti mú ìpín méjì lọ́jọ́ kìíní ni, ìtàn náà ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀dọ́ má sì ṣe rò pé iṣẹ́ kùsà dùn bí ó ti rí lójú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2010 yìí kan náà, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, májèlé òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá góòlù pa àwọn ọmọdé tí iye wọn kò dín ní 400. Góòlù inú eré kò ní eruku. Àwọn tí ó ṣe eré náà pàápàá ń fi ilé iṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí pé àlùmọ́ọ́nì ni ó kà sí ju ẹ̀mí òṣìṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí i kí ó rántí pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a má ṣe dá owó òṣìṣẹ́ dúró lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán.

Yàrà Mẹ̀dínà

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ àwọn tí ó jọ gbẹ́lẹ̀ pọ̀, Mùsùlùmí ní èyí tí ó ga ju eré lọ, tí kò sì ṣeé fi eré wé. Ní ọdún karùn-ún Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 627, ọmọ ogun tí ìtàn sọ pé wọ́n tó 10,000 kó ara wọn jọ láti wá run Mẹ̀dínà. Salmān ará Páṣíà ni ó mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà. Òtútù mú, ebi pa wọ́n, ilẹ̀ sì le. Ànábì wa kò jókòó sábẹ́ ibòòji kí ó máa pàṣẹ. Ó ru erùpẹ̀ pẹ̀lú wọn títí eruku fi bo awọ inú rẹ̀. Nígbà tí àpáta líle kan dí wọn lọ́nà, òun ni wọ́n pè, òun ni ó sọ̀kalẹ̀ tí ó gbá a, tí àpáta sì di iyanrìn.

Jábírì rí ebi lójú Ànábì, ó sáré lọ sílé, ó pa àgùntàn kékeré kan, ìyàwó rẹ̀ lọ ọkà báálì díẹ̀. Oúnjẹ ènìyàn díẹ̀ ni, Jábírì sì rọra pè é kí ó mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ń gbẹ́ yàrà ni Ànábì pè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bu búrẹ́dì, tí ó ń fi ẹran lé e, tí ó ń pín in fún wọn. Ọlọ́hun sì fi bárákà sí i, gbogbo wọn yó, oúnjẹ ṣẹ́kù.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ nínú ogun yàrà yìí tí ó yẹ kí gbogbo ẹlẹ́ré gbé sọ́kàn. Àwọn ọ̀tá kò fún Mùsùlùmí láyè lọ́jọ́ kan títí oòrùn fi wọ̀ kí wọ́n tó rí Aláásárì kí. Ó dun Ànábì dé ibi pé ó ṣẹ́ èpè fún àwọn ọ̀tá náà nítorí ìrun kan ṣoṣo yìí. Ogun tòótọ́ ni. Ẹ̀mí wà nínú ewu. Síbẹ̀ ó dùn ún. Kí wá ni ẹni tí eré gbà á ní Aláásárì yóò wí? Glyphid kan kò lè pa á, àga ni ó jókòó sí.

Ohun tí ó ń fẹ́ ìṣọ́ra

Àwọn àfáà kò fi ẹnu kò sójú kan lórí eré orí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan sọ pé òfò ni gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn wo bí Ànábì ṣe jẹ́ kí àwọn ará Hàbáṣà fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí rẹ̀, tí Àíṣà ń wò wọ́n, wọ́n ní eré tí kò bá ní èèwọ̀ nínú, tí kò sì gba ọ̀ranyàn lọ́wọ́ ẹni, kò burú ní ìwọ̀nba. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní parí àríyànjiyàn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí ó fi àyè gba nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí.

Èkíní ni ọtí. Ilé ọtí wà ní ibùdó àwọn aràrá náà. Wọ́n ń mu ọtí kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọtí kan sì ń fi kún agbára awakùsà. Ohun mímu kan wà níbẹ̀ tí kì í pani, tí ń dá ojú ọ̀mùtí padà sípò. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi ẹni tí ó bá mu ún ṣe. Ènìyàn lè ṣe gbogbo iṣẹ́ inú eré náà láìdé ilé ọtí yìí rárá. Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ewu ibẹ̀ kì í ṣe pé ọtí orí kọ̀ǹpútà ń pani. Ewu ibẹ̀ ni kí ẹ̀rín máa kọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá pé ẹni tí kò mutí ni ọ̀dẹ̀.

Èkejì ni àkókò. Iṣẹ́ kan lè gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ènìyàn bá sì ń ṣe é pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, kò ṣeé dá dúró kí a lọ kírun kí a padà. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Mọ̀gáríbì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti fi ara rẹ̀ sáàárín méjì: yálà kí ó já àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ó já ìrun. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí àìsàn nínú ìwé àwọn àrùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, bí ènìyàn kò bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu lórí eré, tí eré borí gbogbo ohun mìíràn láyé rẹ̀, tí kò sì lè ṣíwọ́ bí ó tilẹ̀ ń rí ìpalára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ àti ahọ́n. Àjèjì lè wọlé bá ènìyàn láti ibikíbi láyé, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọlúàbí. Àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba àlejò lè ti ilẹ̀kùn, kí ó jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ tí ó mọ̀ nìkan ni yóò máa wọlé. Fún ọmọdé, títì ni kí ó wà.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Eré yìí kò ní tẹ́tẹ́ tí a ń fi owó gidi ta nínú, èyí tí ó ba ọ̀pọ̀ eré mìíràn jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ta aṣọ àti àwọ̀ ìbọn fún aràrá. Ọ̀dọ́ tí kò tíì san owó ilé ìwé, tí ó wá ń ra àwọ̀ tuntun fún àkẹtẹ̀ ẹni tí kò sí, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè wò.

Ohun tí ó yẹ kí ó di ṣíṣe

Kí ọ̀dọ́ kírun ná, kí ó tó tan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn Ìṣáì ni ó dára jù, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ní gba Àsùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó mọ iye iṣẹ́ tí yóò ṣe kí ó tó jókòó, bóyá ọ̀kan tàbí méjì, kí ó sì sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣáájú, kí ó má baà di pé ó já wọn kulẹ̀. Kí àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣe é máa rán ara wọn létí ìrun. Ẹni tí ó lè pariwo pé ẹranko ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rẹ́ òun, ó lè pariwo pé àkókò ìrun ti dé.

Ní ti òbí, kí bàbá má kàn fa wáyà yọ. Kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ó wo iṣẹ́ kan dé òpin, kí ó béèrè pé: ta ni mẹ́ta yòókù yìí? Ìbéèrè kan yìí yóò ṣe ju ìbínú ọdún kan lọ. Ní ti ẹgbẹ́, kí á wo ìdí tí ọ̀dọ́ fi ń rí iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé òun wúlò fún nínú ihò àpáta, tí ó sì jẹ́ pé àga àti ẹní ni a ń ní kí ó tẹ́ ní mọ́sálásí. Eré náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ipò tí ẹlòmíràn kò lè dí fún un. Jámáà tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá wá ẹgbẹ́ lọ síbòmíràn. Òkú wà tí a ó wẹ̀, omi wà tí a ó gbẹ́ kànga rẹ̀, opó wà tí òrùlé rẹ̀ ń jò, àwọn ọmọ kéú wà tí wọn kò ní olùkọ́. Ẹ pín in fún wọn gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti mọ.

Lọ́jọ́ ìgbéǹde, a ó bi ẹ̀dá léèrè ohun tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, ohun tí ó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe, àti ibi tí ó ti rí owó àti ibi tí ó ná an sí. Ìṣẹ́jú tí a fi ṣeré wà nínú ìṣirò náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí a fi ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ àjáde láyé yìí kò ní dúró de ẹni tí ó pẹ́.

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Kí Ó fi ìfẹ́ ara wa sí wa lọ́kàn. Kí Ó má jẹ́ kí á mú ìpín ẹlòmíràn, kí Ó má sì jẹ́ kí á fi ẹnìkan sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Kí Ó gba ìrun wa lásìkò rẹ̀. Áámín, láṣẹ Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá.